Dísìkì Ìbejì: Bí A Ṣe Kó Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Láti Orí Dísìkì Kan Sórí Méjì

Ní ẹ̀kọ́ wa tí ó kọjá, a sọ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sínú ìwé àti sínú kọ̀ǹpútà. Lónìí a fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí kọ̀ǹpútà náà bá kú ní òru òní, níbo ni owó yín wà?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó gan-an wà ní báńkì, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá? Ta ni yóò sọ ẹni tí ó yá owó, àti ẹni tí ó ti san án tán? Báńkì kò mọ èyí. Ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ìwé bá sọnù, ìjà dé.

Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan, rẹ́jísítà ìgbàwọlé kan ṣoṣo ni ilé-ìwé náà ní. Inú àpótí pákó ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ikán wọ inú àpótí náà ní ìgbà òjò, ó jẹ rẹ́jísítà náà títí ó fi ku ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. A kò mọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni bàbá kan wá bá wa. Ó ti lọ sí ilé-ìwé náà ní kékeré, ó sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí ọdún tí ó wọlé, nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. A ṣí àpótí níwájú rẹ̀. Erùpẹ̀ ikán ni a bá. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn dúró, ó ń wo erùpẹ̀ náà. A kò gbàgbé ojú rẹ̀ títí di òní.

Ìyà tiwa kéré sí èyí tí ó jẹ Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1897 ó parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1899. Ìwé náà lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fi ojú kàn án mọ́. Kí ni ó gba ìtàn wa là? Ó ti fi àwọn ìwé ìkọsílẹ̀ sílẹ̀ sílé, àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ, tí kò tíì tún ṣe. Àwọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi jókòó tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Appam. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, nígbà ogun, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà! Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Dókítà náà pàápàá ti kú ní ọdún 1920. Èyí tí a tún kọ ni gbogbo wa ń kà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni ohun kan wà tí ó ń jẹ́ dísìkì. Irin ni ara rẹ̀, kò ju Bíbélì kékeré lọ. Àwọn àwo pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tí ń yí bírí bírí, ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nǹkan kékeré kan bí abẹ́rẹ́ giramafóònù ń rìn lórí wọn láìfara kàn wọ́n. Òun ni ó ń kọ, òun náà ni ó ń kà. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ mú irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú ti ìgbà náà, ó ga tó ènìyàn, síbẹ̀ nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ yín lónìí gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń yí yóò gbó. Àwọn tuntun kan wà tí kì í yí rárá. Àwọn náà ń kú, wọn kì í tilẹ̀ pariwo kí wọ́n tó kú.

Kì í ṣe ìwé owó nìkan ni ó wà lórí dísìkì. Ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ni ó ń jí ẹ̀rọ náà láàárọ̀, tí ó ń gbọ́ ohun tí a bá tẹ̀, tí ó ń fi èsì hàn. Láìsí i, kọ̀ǹpútà jẹ́ àpótí lásán. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Òmíràn ni Linux, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì wà ní yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni. Linux ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Windows ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó kí ó bi onímọ̀ léèrè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lẹ́bàá Ìkọ̀lé, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó, àwọn oníṣu, àti àwọn ìyá tí ń tajà ni ọmọ ẹgbẹ́ náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti jókòó ní kíláàsì wa. Wọ́n gbọ́ pé dísìkì kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ kan ní ìlú kejì kú lójijì, pé ọmọ ìyá ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí owó tí kò ní ìwé. Akápò ẹgbẹ́ náà, ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní 60 ọdún kí ó tó kọ́ A-B-D lọ́dọ̀ wa, ránṣẹ́ pè wá.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa. Tiwa náà, ọ̀kan ṣoṣo ni."

Ká má parọ́, àwa náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. A wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Ohun tí ó ṣe níwájú wa ni a kọ sílẹ̀ yìí.

Ó ní ọgbọ́n kan wà. A ó fi dísìkì méjì sínú kọ̀ǹpútà kan, kí ohun tí a bá kọ sórí ọ̀kan máa bọ́ sórí èkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tí ń wo dígí. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bá iṣẹ́ lọ, akọ̀wé kò tilẹ̀ ní dìde lórí àga. Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, kọ ìwé kan tí ó to oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń so dísìkì pọ̀. RAID ni wọ́n pe gbogbo wọn, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èyí tí à ń sọ yìí ni nọ́ńbà 1.

Akápò ní, "Ìbejì ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

A gbà. Orúkọ tí a ń pè é láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ti ń ṣiṣẹ́. Ètò ìṣirò owó ti wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti mọ̀ ọ́n, gbogbo rẹ̀ ti bára mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi to ó nígbà àkọ́kọ́. Wọn kò fẹ́ tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ náà kó ẹrù rẹ̀ láti orí dísìkì kan bọ́ sórí ìbejì, kí ohunkóhun má jábọ́ lọ́nà.

Wọ́n kọ́kọ́ ra dísìkì kejì. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí o. Ọjà tòkunbọ̀ pọ̀ lóde, wọ́n á nù ún dáadáa, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á ní tuntun ni. Dísìkì máa ń ka wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ sínú ara rẹ̀, onímọ̀ sì lè bi í. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún ẹgbẹ́ náà bí tuntun ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20,000 lọ! Wọ́n dá a padà. Èkejì tí wọ́n rà kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, ọmọkùnrin náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní dísìkì méjì tí wọ́n ṣe pọ̀ ní ọjọ́ kan náà lè jọ kú ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ó bi dísìkì àtijọ́ náà léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ká ní ó ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni, méjì tuntun ni wọn ì bá rà.

Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó da gbogbo ìwé ẹgbẹ́ kọ sórí dísìkì àgbéká kan, ó sì ní kí akọ̀wé ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó kà á. Àwa rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a ò tíì ní i."

Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì mọ̀ pé Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni ó rán àbúrò pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Bí ayé bá dára, Táyé a ké, Kẹ́hìndé a tẹ̀ lé e. Bí iṣẹ́ yìí ṣe lọ gan-an nìyẹn. Dísìkì tuntun ni Táyé. Dísìkì àtijọ́, tí ìwé gbogbo wà lórí rẹ̀, ni Kẹ́hìndé. Ó dúró jẹ́ẹ́ sí ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, títí Táyé fi ké.

Ọmọkùnrin náà fi fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ jí kọ̀ǹpútà, kí dísìkì àtijọ́ lè sinmi. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí a bá ń da ìwé kọ, tí ẹlòmíràn sì ń kọ nǹkan sínú ìwé náà lọ́wọ́, ohun tí a dà kọ kò ní péye. Lẹ́yìn náà, ó fi ètò kan tí ń jẹ́ mdadm dá ìbejì sílẹ̀. Ó pe orúkọ dísìkì tuntun, ní àyè ti èkejì ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, missing, èyí tí ó túmọ̀ sí pé "kò tíì sí níbí."

Akápò bojú wò ó. "Kẹ́hìndé kò tíì dé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀ dè é."

Ìwọ̀n yàrá tí ó gé fún Táyé kò ju èyí tí Kẹ́hìndé lè gbà lọ. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí. Wọ́n á ra dísìkì ńlá, wọ́n á lo gbogbo rẹ̀, nígbà tí ó bá tó àkókò kí ti àtijọ́ wọlé, kò ní gbà, nítorí ó kéré. Ìwọ̀n èyí tí ó kéré ni ìbejì ń lò.

Ó wá da gbogbo nǹkan kọ láti orí àtijọ́ sórí tuntun, fáìlì kan kò gbẹ́yìn, pẹ̀lú àmì ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A lọ jẹun, a padà dé, kò tíì tán.

Nígbà tí ó tán, ó ku ohun mẹ́ta. Ẹ ronú ẹni tí ó kó kúrò ní Ìdó lọ sí Ọ̀yẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ àdírẹ́sì tuntun fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní ìwé kékeré kan, fstab, tí ó fi ń mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Ọmọkùnrin náà yí àdírẹ́sì inú rẹ̀ padà sí ti ìbejì. Èkejì ni àpò irinṣẹ́ kékeré kan tí ẹ̀rọ ń gbé dání nígbà tí ó bá ń jí. Àpò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbejì wà. Ẹ̀kẹta ni ètò kékeré orí dísìkì tí ń jí ẹ̀rọ, bíi kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. GRUB ni orúkọ rẹ̀.

Ó tan ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ funfun kan yọ, ó dúró gbọin-gbọin. Yàrá náà parọ́rọ́. Alága ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ọmọkùnrin náà kò gbọ̀n. Ó fi Táyé sílẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ jí láti orí Kẹ́hìndé. Kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé, kọ̀ǹpútà ti là bí ó ṣe máa ń là, ìwé gbogbo wà níbẹ̀. Ó ní, "Àpò irinṣẹ́ ni mo gbàgbé láti tún dì." Ó tún un dì. Ó tún tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Táyé ké.

Ṣé ẹ rí i? Ká ní ó ti pa dísìkì àtijọ́ rẹ́ láti ṣáájú ni, àdúrà alága nìkan ni ì bá kù.

Wọn kò mú Kẹ́hìndé wọlé lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọ wáyà rẹ̀, wọ́n lo Táyé nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń da ìwé kọ sórí dísìkì àgbéká ní alaalẹ́. Akápò jókòó pẹ̀lú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́, ó ń ka orúkọ àti iye owó jáde, akọ̀wé ń wá wọn lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ 30 ni wọ́n yẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ọjọ́ tí Kẹ́hìndé wọlé ni ọjọ́ tí kò ní àbọ̀. Ohun gbogbo tí ó wà lórí dísìkì àtijọ́ ni yóò parẹ́, kí ó lè gba ti Táyé. Bí ènìyàn bá wá ṣèèṣì mú Táyé dípò Kẹ́hìndé ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ń pe dísìkì ní sda àti sdb, ṣùgbọ́n orúkọ wọ̀nyí lè gba ipò ara wọn bí a bá ti yí wáyà padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Nọ́ńbà wà lára dísìkì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan náà sì máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Akápò ni ó ka èyí tí ó wà lára irin, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ọmọkùnrin náà ń fi ìka tọ́ èyí tí ó wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Inú wa dùn débi pé a kò lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ó mú Kẹ́hìndé jókòó lórí àga rẹ̀. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí da ohun gbogbo kọ fún un. Lójú kọ̀ǹpútà a rí àmì yìí: [U_]. U kan dúró fún dísìkì kan tí ó wà láàyè. Ìlà ilẹ̀ yẹn dúró fún èyí tí kò tíì pé. Fún dísìkì 500 GB, iṣẹ́ náà lè gbà tó wákàtí méjì. Nẹ́pà sì mú iná lọ láàárín rẹ̀, bí ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ UPS gbé e díẹ̀, wọ́n sì pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ewu níbẹ̀: Táyé ṣì ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, iṣẹ́ tẹ̀síwájú. Ní ìrọ̀lẹ́, àmì náà yí padà: [UU].

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, GRUB yẹn, orí Táyé nìkan ni ó wà. Dídà tí Táyé ń dà kọ kò kan ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà ń gbé. Bí Táyé bá kú lọ́la, Kẹ́hìndé yóò ní gbogbo ìwé lórí, kò sì ní lè jí. Ọmọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ sórí àwọn méjèèjì. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ wáyà Táyé, ó ní kí akọ̀wé tan án. Kẹ́hìndé nìkan jí i. Ó tún wáyà fi, ó sọ fún mdadm kí ó gba Táyé padà, wọ́n sì dúró títí U méjì fi pé.

Alága ní, "Ọlọ́run ṣeun, a ò ní da ìwé kọ sórí dísìkì àgbéká mọ́."

Ọmọkùnrin náà ní rárá o, sà. Ìbejì ń ṣe ohun gbogbo pọ̀. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan rẹ́ lórí Táyé, ó ti parẹ́ lórí Kẹ́hìndé kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì ni ó gbé. Bí mànàmáná bá wọlé láti ara wáyà iná, ó lè pa méjèèjì pọ̀. Ikú dísìkì kan nìkan ni ìbejì wà fún. Nítorí náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé ń da ìwé kọ sórí dísìkì àgbéká, ọmọ ẹgbẹ́ kan sì ń gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìdó.

Dísìkì kan lè kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí èkejì ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ á rò pé ìbejì ni àwọn ní, ọ̀kan ṣoṣo ni. Nítorí èyí, ọmọkùnrin náà fi àwòrán kékeré kan sójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àmì náà á yọ. Akápò gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ó máa ń tẹ̀ ẹ́, á wo àmì náà, á sì fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, ó pè wá lórí fóònù láàárọ̀ kùtùkùtù. Kò kí wa tán tí ó fi ní, "Ọ̀gá, U kan ti lọ." Ọmọkùnrin náà wá, ó ṣí ẹ̀rọ. Eku ti wọ inú rẹ̀, ó ti jẹ wáyà Kẹ́hìndé. Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, kò fura. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n dí ihò tí eku gbà wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, akápò fa ìlà sábẹ́ [U_] nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ [UU] sí iwájú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

Kí ni ìdí tí wọn kò fi fọwọ́ kan dísìkì àtijọ́ títí tuntun fi jí?

Dísìkì tòkunbọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20,000. Bí a bá ní tọ̀sán-tòru ni ó fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ mélòó ni?

Níbo ni ẹ̀dà ìwé owó ẹgbẹ́ tiyín wà? Ta ni ó ṣí i wò kẹ́yìn, ọjọ́ wo sì ni?